Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa iye options nígbà tí òfin ìlera Amẹ́ríkà kò dájú

Ara mi kò tíì balẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2025, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà dìbò lórí owó ìrànwọ́ tó ń mú kí ìnsọ́ránsì Obamacare, ìyẹn òfin ìlera tí wọ́n ṣe nígbà ààrẹ Obama, rọrùn fún aráàlú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìpín nínú iléeṣẹ́ tó ni ilé ìwòsàn, bíi tèmi, mọ bí àsìkò náà ṣe rí: bí ìnsọ́ránsì bá wọ́n, aláìsàn tí kò lè sanwó lè pọ̀ sí i. Àfikún owó ìrànwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021 fẹ́ dópin pẹ̀lú ọdún, ìjọba àpapọ̀ sì ti dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá nítorí àríyànjiyàn kan náà.

Mo ra put láti fi dáàbò bo ìpín mi. Put, ọ̀kan lára àwọn àdéhùn ọjà tí wọ́n ń pè ní options, ń fún ni ní ẹ̀tọ́ láti ta ìpín ní iye kan pàtó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ẹyọ kan sì dúró fún ìpín 100. Ìpín wà ní dọ́là 50, put sì jẹ́ dọ́là 220 lẹ́yọ kan. Àbá méjì ni wọ́n dìbò lé, kò sí èyí tó rí ìbò 60 tí ó nílò. Mo ti sọ pé àwọn àbá náà yóò kùnà, ìpín yóò sì lọ sílẹ̀; ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìpín ti lọ sílẹ̀ sí dọ́là 49.40, put tí mo rò pé yóò gbówó lórí sì ti di dọ́là 150. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ń wo nọ́ńbà méjèèjì, ìpín ń sọ̀ kalẹ̀, ààbò tí mo fi owó rà náà ń sọ̀ kalẹ̀. Oúnjẹ òwúrọ̀ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Kò sí ohun tó dunni tó kí èèyàn gba ìdáhùn tó tọ̀nà kí owó sì tún lọ.

Ìdí rẹ̀ ni implied volatility, ìyẹn bí ọjà ṣe retí pé ìpín yóò mì tó. Nígbà tí gbogbo èèyàn mọ ọjọ́ ìbò, gbogbo wọn ló ń wá ààbò, iye options á sì ga sókè. Bí wọ́n bá ti ka ìbò tán, àìdánilójú lọ nìyẹn, iye á wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá sọ pé ọjọ́ tó ń kọjá lọ náà ń jẹ nínú iye put kò parọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan tàbí méjì kò lè jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wo volatility kí ẹ tó wo ibi tí ìpín ń lọ. Ẹ fi option tí yóò parí kí ọjọ́ ìbò tó dé wé èyí tí yóò parí lẹ́yìn rẹ̀. Bí volatility ti èkejì bá fi púpọ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọjọ́ ìbò yẹn gan-an ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹ tún bi ara yín bóyá àbájáde rẹ̀ ṣókùnkùn lóòótọ́. Ní òru ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2017, ìbò sẹ́nétọ̀ John McCain ló dá àbá láti wó Obamacare dúró, 51 sí 49, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n títí ó fi na ọwọ́. Ní ọdún 2012 náà, adájọ́ 5 sí 4 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi gbè é lẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, bóyá ẹnikẹ́ni yóò rí ìbò 60 kò ṣókùnkùn rárá, síbẹ̀ mo san owó bí ẹni pé ó ṣókùnkùn.

Mo ti ta put náà, ìpín mi ṣì wà lọ́wọ́, ó sì ti ń gbérí. Bí ọjọ́ ìbò mìíràn bá ń bọ̀, n óò ra put tó fún ni ní ẹ̀tọ́ láti ta ìpín ní dọ́là 50, n óò sì ta èyí tó jẹ́ ti dọ́là 45 lọ́jọ́ kan náà, kí ó lè jẹ́ pé bí volatility bá wálẹ̀, yóò dín iye èyí tí mo tà kù pẹ̀lú èyí tí mo rà, àdánù mi á sì kéré.