Ọwọ́ mi ló jẹ̀bi, kì í ṣe oògùn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ láàbù, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bá acetylcholine jà, oògùn tó yẹ kó mú iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀.

Mo gé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn eku jáde bí òrùka, mo so ó mọ́ wáyà nínú omi iyọ̀ tó gbóná dé 37°C. Mo fi oògùn kan tó ń jẹ́ phenylephrine mú kó sún kì, mo wá kán acetylcholine sí i kó lè dẹ̀. Kò dẹ̀. Mo ní oògùn ti bàjẹ́, mo po òmíràn. Pàbó! Ọ̀gá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wa ló wá dúró sẹ́yìn mi níjọ́ kan: "Àbúrò, ṣé o ò rí i pé ò ń fi ẹ̀mú yẹn ha inú ẹ̀ ni?" Ẹ̀jẹ̀ dídì ni mo rò pé mò ń yọ.

Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan bí ẹní, ìpele kan ṣoṣo ni. Àwọn ni acetylcholine ń bá sọ̀rọ̀ kí iṣan tó dẹ̀. Calcium á gòkè nínú wọn, wọn á fi arginine, èròjà kan tó wà nínú wọn, ṣe nitric oxide, gáàsì tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọ inú ẹran tó wà lẹ́yìn wọn. Níbẹ̀ ni cGMP, èròjà tó ń jíṣẹ́ fún ẹran pé kó dẹ̀, ti ń pọ̀ sí i, tí ẹran á sì túra ká. Gáàsì yìí kì í pẹ́ láyé, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, haemoglobin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń gbé e mì.

Irú àṣìṣe mi yìí ti bá Robert Furchgott, onímọ̀ nípa oògùn, rí ní Amẹ́ríkà. Láti 1953 ló ti ń rí i pé acetylcholine ń mú iṣan ehoro sún kì. Ní 1978, ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Brooklyn ṣi ètò iṣẹ́ ṣe, iṣan sì dẹ̀! Ó wá yé e pé fífi ọwọ́ gbo ojú inú iṣan ló ń ba nǹkan jẹ́. Ó gbé èyí tí wọ́n ti gbo lé èyí tí wọn ò gbo, ojú inú kojú inú, bíi búrẹ́dì méjì. Èyí tí wọ́n gbo náà dẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel 1998 kan òun, Louis Ignarro àti Ferid Murad. Wọn ò fún Salvador Moncada, tó fi ẹ̀rí hàn ní 1987 pé nitric oxide ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń tú jáde. Ó ṣì ń dùn mí.

Nísinsìnyí, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbo òrùka kan, mo fi ìkejì sílẹ̀. Bí omi ewé tí ẹ ń dán wò bá mú méjèèjì dẹ̀ bákan náà, ẹran fúnra rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a kò gbo nìkan ló dẹ̀, ẹ lọ wá L-NAME, tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ṣe nitric oxide, kí ẹ tún un ṣe.