Mo lè dijú yà á

Ọ̀rọ̀ kan wọ̀ mí létí lónìí, kò sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ títí di báyìí. Ọmọ kíláàsì kẹ́mísìrì mi kan ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti máàkì ìwé rẹ̀ tán, mo fún un ní 10 nínú 10 nítorí burette tó yà, ọ̀pá gíláàsì tó ní nọ́ńbà lára àti ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀, tí a fi ń kán omi díẹ̀díẹ̀. Ìlà rẹ̀ gún régé, 0 wà lókè, 50 wà nísàlẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ kékeré yẹn náà ò sì yẹ̀. Mo tiẹ̀ gbé ìwé náà sókè kí gbogbo kíláàsì rí i. Bó ṣe jókòó, ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Mo lè dijú yà á, àmọ́ mi ò rí i rí."

Kò fi ṣàròyé o. Bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

SS2 ni wọ́n. Burette wà nílé-ìwé wa, mẹ́fà gbáko, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa. Wọ́n ní tó bá fọ́, ta ló máa san án? Mi ò lè sọ pé wọn ò rí ọ̀rọ̀ sọ, torí owó oṣù wa ni wọ́n máa ti yọ ọ́. Àmọ́, "mi ò rí i rí." Láti aago méjì ni ohùn ọmọ yẹn ti ń dún létí mi.

Nígbà tí ọkọ̀ ò lọ mọ́ ní Ojúẹlẹ́gba, mo rántí ọjọ́ tí èmi náà kọ́kọ́ di burette mú. Ọjọ́ ìdánwò WAEC ni. Methyl orange, aró tó ń yí àwọ̀ padà tí ásíìdì bá kàn án, ti sọ omi inú ìgò di yẹ́lò, mo ń kán ásíìdì sí i láti inú burette, mo ń retí kó yí sí àwọ̀ ọsàn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ṣí ẹ̀rọ yẹn jù, kí n tó ṣẹ́jú gbogbo rẹ̀ ti pọ́n. Gbogbo ohun tí ìwé sọ ni mo mọ̀. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ra zobo, kán-ún àti ọsàn wẹ́wẹ́ ní ọjà Ójúwòyè, mo se zobo náà, mo sẹ́ ẹ. Mo fún omi ọsàn sí i, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo da omi kán-ún sínú ife kejì, ó di àwọ̀ ewé lójú wọn. Ariwo ta! Ọmọkùnrin kan ní, "Àńtí, ṣé kán-ún tí màmá mi fi ń se ẹ̀wà náà nìyí?" Yorùbá ni mo fi ṣàlàyé títí agogo fi lù, mi ò tiẹ̀ fura. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ló wá sí mi lọ́kàn, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6. Mo ní ó yẹ kí...

Ṣùgbọ́n zobo ò lè kọ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń dín omi kù di ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ló pariwo jù. Ó ṣì ní òun ò rí i rí.

Mo jẹ ẹ̀bà. Wọn ò tíì mú iná wá.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo bi í bóyá mo lè rí rọ́bà dírípù tuntun rà, èyí tó ní táyà kékeré tí wọ́n fi ń dín omi kù. Ó ní, "Ta ni ara rẹ̀ ò yá?" Mo ní ará ilé kankan kọ́, kíláàsì mi ni. Màá so ó mọ́ ẹnu serinji ńlá, torí serinji ní nọ́ńbà lára bíi burette. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Mélòó?"

Mo ní mẹ́jọ. Ibi tí màá gbé wọn kọ́ ni mi ò tíì rí. Ìṣó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni.