Ilẹ̀ Tí Kò Níbi Gígé

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo gbé kámẹ́rà lọ sí ilé tí wọ́n fi orúkọ Andrew Wiles sọ ní Oxford, ẹni tó yanjú ìṣirò tí Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi sílẹ̀, tó ti ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú fún ohun tó lé ní 350 ọdún. Ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò Yunifásítì Oxford kó wọ ibẹ̀. Gíláàsì pọ̀ lára ilé náà, ó sì wuyì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ó gba gbogbo àsìkò mi.

Iṣẹ́ ọgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Penrose, onímọ̀ ìṣirò ní Oxford, ni ilẹ̀ náà. Oríṣi òkúta akọ méjì péré ni wọ́n tò síbẹ̀, méjèèjì rí bíi dáyámọ́ǹdì inú káàdì: ọ̀kan sanra, igun rẹ̀ tó kéré jù jẹ́ dígírì 72, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, tirẹ̀ jẹ́ dígírì 36. Wọ́n tẹ irin dídán tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ bọ inú wọn. Bí a bá pa òfin títò wọn mọ́, a lè tò ó lọ títí láé láìjẹ́ pé bátànì rẹ̀ yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí òdòdó ańkárá ṣe máa ń ṣe.

Ìyọnu ayàwòrán nìyẹn. Ibi tí bátànì bá ti padà wá ni mo máa ń gé etí àwòrán, kí ojú ẹni tó ń wò ó lè fi ọkàn parí ìyókù. Níbí, n kò ríbi gé. Mo lóṣòó, mo rí ibi tí ṣóńṣó dáyámọ́ǹdì sísanra márùn-ún ti pàdé bí ìràwọ̀. Mo rìn síwájú díẹ̀, mo rí òmíràn, àmọ́ àwọn òkúta tó yí i ká kò bá ti àkọ́kọ́ mu. Síbẹ̀, nínú títò tí kò lópin, kò sí abala kékeré kan, ibi yòówù tí a ti yà á, tí a kò ní tún bá níbòmíràn, láìmọye ìgbà.

Àwòrán kan ni mo pa mọ́: òkúta tí omi sọ dúdú, irin tí ojú ọ̀run ń tàn lára rẹ̀, àti bàtà akẹ́kọ̀ọ́ kan tó sáré kọjá ní apá òsì. Bàtà yẹn kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo fẹ́ gé e dànù, kí n tó rí i pé òun nìkan ló ń jẹ́rìí pé ojú kan pàtó ni mo dúró sí.