Oko, oko, oko, oko: àyẹ̀wò ọdún 2025 ti Ìyá Yorùbá

Lánàá ni mo ń wá ojú ìwé tí mo kọ owó àjọ sí nínú ìwé tí mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́, ni mo bá ṣí i débi tí mo kọ ìpinnu ọdún sí lóṣù kìíní. Ẹ̀rín pa mí. Bírò pupa ni mo fi kọ ọ́, bí ẹni ń kọ ìbéèrè ìdánwò: kí n fi PowerPoint kọ́ni, kí n ṣí kíláàsì sórí Google Classroom, kí n máa fi Excel ṣe rìsọ́ọ̀tì, kí n máa gbé fídíò ẹ̀kọ́ sórí YouTube, kí n sì gba sátífíkéètì kọ̀ǹpútà, ó kéré tán kan. Mo tún fa ìlà méjì sábẹ́ YouTube. Ọlọ́run ló mọ ohun tó gùn mí lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Ọ̀fà. Ọdún 19 rèé. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Màmá lójú mi, tí mo bá kẹ́yìn wọ́n á ní Ìyá Yorùbá. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹlòmíì ló ń bá mi tẹ ohun gbogbo. Bí kì í bá ṣe ọmọ mi obìnrin, á jẹ́ àwọn ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ̀ mí, èsì mi ti wà nílẹ̀: "Yorùbá ni wọ́n gbà mí fún." Ó sì máa ń dùn lẹ́nu mi.

Oṣù kẹta ni ojú mi já a. Ìdánwò sáà kejì kù ọ̀la. Ìbéèrè kẹta tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ fún SS1 ni pé kí wọ́n sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Nígbà tí ìwé ti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ dé, ohun tó wà níbẹ̀ ni: oko, oko, oko, oko. Kò sí àmì lókè, kò sí lábẹ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé nínú àwọn ohun tí ọmọ lè kà nínú ìyẹn, ọ̀kan wà tí n ò lè gbé jáde ní yàrá olùkọ́. Mo padà lọ bá ọmọbìnrin tó tẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Màmá, mo tẹ gbogbo ẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́ o. Kọ̀ǹpútà ni ò gbà."

Ìwé 126 ni. Iná ò sí. Mo gbé àtùpà alágbára-oòrùn ka orí tábìlì, mo mú bírò dúdú, mo ń fi àmì sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi máa dé bí ìwé 70, àmì ti ń dùbúlẹ̀, òmíràn ti gun orí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ kan kọ ìtumọ̀ ọkọ́ síbi tó yẹ kó kọ ti ọkọ̀, nígbà tí mo sì yẹ ìwé ìbéèrè rẹ̀ wò, ó jàre: èmi ni mo da àmì rẹ̀ rú. Mo fún un ní máàkì.

Ẹni tó wá tú mi sílẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Kọ́pà kan ni, ọmọ Íbò, Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Yorùbá tó mọ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀ mà" lọ. Ó rí mi ní yàrá olùkọ́ lọ́jọ́ kejì tí ojú mi wú, ó bi mí léèrè, mo ròyìn. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé èdè tiwọn náà ń fi àmì sábẹ́ ọ, pé òun kì í jìyà kóun tó rí i tẹ̀. Ó gba fóònù mi, ó wọ inú ètò Gboard, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù fóònù, ó fi Yorùbá kún èdè tó wà níbẹ̀. Ó ní kí n tẹ lẹ́tà e, kí n má gbé ìka kúrò. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni é, è, ẹ bá yọ jáde bí òròmọdìyẹ lábẹ́ ìyá wọn. Mo ní, "Àti ìgbà wo ni nǹkan yìí ti wà nínú fóònù mi?" Ó rẹ́rìn-ín. Alàgbà tó ń kọ́ wọn ní Jọ́gíráfì ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti orí àga rẹ̀, ó ní, "Ìyá Yorùbá, ẹ sanwó iṣẹ́ fún Íbò tó kọ́ yín ní Yorùbá."

Kọ́pà yìí náà ló ṣàlàyé ohun tó ń gbé àmì wa sọnù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún olùkọ́ tó bá ń jẹ irú ìyà yìí. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ ní nọ́ńbà, é náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní lókè, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ni kọ̀ǹpútà máa mú, yóò wá mú àmì òkè lọ́tọ̀, yóò gbé e lé e lórí. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí tí lẹ́tà ń gbé wọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, èyí tó bá mọ iṣẹ́ ni yóò gbé e jókòó dáadáa. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó ya àpótí òfìfo síbẹ̀. Ó fi fọ́ǹtì kan tí wọ́n ń pè ní Charis SIL sórí láptọ́ọ̀pù mi, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní kí n máa sọ iṣẹ́ di PDF kí n tó gbé e lọ fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde, torí PDF máa ń gbé fọ́ǹtì tirẹ̀ dání lọ síbikíbi. Láti 1875 tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ti ṣèpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá la ti ń fa ọ̀rọ̀ àmì, tí ìjọba sì wá fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò ní 1974. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí lọ́dọọdún, síbẹ̀ mi ò lè fọwọ́ ara mi tẹ ẹ́ pẹ̀lú àmì tó pé.

Ẹ jẹ́ n yára sọ ti àwọn ìpinnu yòókù. Mo gba sátífíkéètì. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo pa kámẹ́rà, mo ń bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì. Sátífíkéètì wà nínú fáìlì, ẹ má bi mí ní ohun tí wọ́n sọ. Fídíò YouTube: òdo. Google Classroom: mo ní kí ọmọ tó bá ní fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì nílé nawọ́ sókè. Nínú ọmọ 41, àwọn 13 nawọ́, 8 nínú wọn ló sì jẹ́ pé fóònù bàbá wọn ni, tó máa ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo palẹ̀ mọ́. Pùrójẹ́tọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílé ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì pírínsípà ló ń gbé, aṣọ olódòdó ló sì máa ń dà bora bí ìyàwó tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yá a. Ní ti àkọ́kọ́, iná lọ nígbà tí mo dé ojú ewé kẹta, mo kọjú sí bọ́ọ̀dù, mo mú ṣọ́ọ̀kì.

Ti Excel ni kí ẹ bá mi gbọ́. Lójú tèmi, mo ti mọ̀ ọ́n. CA 40, ìdánwò 60, mo kọ SUM, gbogbo rẹ̀ ro ara rẹ̀ pọ̀. Mo kọ RANK, ipò jáde, àwọn méjì tó bá gba iye kan náà jọ ń ṣe ipò kẹta, ẹni tó tẹ̀ lé wọn ṣe karùn-ún, bí a ṣe ń fọwọ́ ṣe é gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ òru méjì parí láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Inú mi dùn débi pé mo ní kí n kúkú to orúkọ wọn ní A, B, D. Mo fi ọwọ́ kun òpó orúkọ nìkan, mo tẹ Sort. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, mi ò kà á, mo ṣáà tẹ̀ ẹ́ kó lè kúrò lójú mi. Orúkọ tò, máàkì ò kúrò níbi tó wà. Mo pa á dé, mo fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ kíláàsì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó pè mí: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Ọmọ tí kò tẹ ilé ìwé láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo ló ṣe ipò kejì yìí."

Mo jókòó. Ìwé tí mo fọwọ́ kọ máàkì sí ló yọ mí, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n ju ìwé yẹn nù lónìí, a ò ní bá ara wa rẹ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ́dún yìí ò sí nínú ìpinnu kankan. A dé orí oríkì nínú SS1, ó sì sú mi pé kí èmi nìkan máa ké é fún wọn lọ́dọọdún bí ẹni ń ka ìwé. Mo ní kí kálukú lọ fi fóònù gba ohùn àgbàlagbà kan nílé, tí kò bá sí fóònù kó yá ti ẹ̀gbọ́n. Ọmọ 22 mú un wá. Mo gbé sípíkà kékeré tí ọmọ mi fi ń gbọ́ orin lọ sí kíláàsì. Bí mo bá ti gba iná sí i lára láti ilé, kò bi wá léèrè iná. Ohùn ìyá àgbà kan ni a kọ́kọ́ gbọ́. Odó ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọmí," ó ń bá a bọ̀, ohùn rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀, ló bá já a lágbede méjì: "Ta ló fi ewúrẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀lùbọ́ yẹn?" Ó tún gbé oríkì náà níbi tó já a sí, kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Kíláàsì túká fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé "ìjàkadì lorò Ọ̀fà," gbogbo wọn ló bá a gbé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá rí àǹfààní rẹ̀. Mo dá ohùn náà padà, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n ń fọwọ́ lu tábìlì, dò, re, mí, títí wọ́n fi gbọ́ ibi tí ìyá yẹn ti wọ́ ohùn nílẹ̀ kó tó gbé e sókè. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń pè é lẹ́ẹ̀mẹfà, yóò yàtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo ti fi ohùn wọ̀nyí pa mọ́ sórí fíláàṣì, mo sì fi ẹ̀dà sórí Google Drive, torí méjì nínú àwọn àgbà náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ẹ wò ó bó ṣe rí: gbogbo ohun tí mo lépa nítorí kí wọ́n lè ní mo mọ kọ̀ǹpútà ló kú sójú ọ̀nà. Èyí tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ kan ló há mi lọ́rùn, bí i ti oko oko yẹn, òun ló wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Kódà ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ kọ̀wé tí gbogbo ayé ń pariwo, mo ní kó kọ àròkọ fún mi lórí ọjọ́ ọjà. Ó kọ ọ́ wàrà, àmì rẹ̀ sì rí bí ìgbà tí èèyàn fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, mo fún SS2, mo ní kí wọ́n máàkì rẹ̀. Inú wọn dùn láti fi bírò pupa fa nǹkan ya.

Àwáwí àtijọ́ kò lè gbà mí mọ́ náà. JAMB ti kúrò lórí ìwé pátápátá láti 2015. Ọmọ tó bá mú Yorùbá ní UTME, ìbéèrè 40 ló máa bá lójú kọ̀ǹpútà, àwọn kan nínú àwọn ọmọ mi sì wà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì. WAEC náà ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn lórí kọ̀ǹpútà ní 2024, lọ́dọ̀ àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀.

Ní ti 2026, ìpinnu mi ò pọ̀. Ìdánwò sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi ni n ó fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, tòun tàmì, ọmọ mi kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Alfa tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Islam ti bẹ̀ mí pé kí n fi òun mọ bí wọ́n ṣe ń fi èdè kún kíbọ́ọ̀dù, tirẹ̀ ni ti Lárúbáwá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá wọlé la máa ṣe é. Ìpinnu kejì ló ń wù mí jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé, ẹ̀dá èdè ló ń kọ́ni. Ó ṣí ohun kan tí wọ́n ń pè ní Praat lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan ní yunifásítì Amsterdam, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Mo ní "igba," ìlà aláwọ̀ búlúù kan lọ gbọọrọ. Mo ní "igbá," ìlà náà gbórí sókè. Mo ní "ìgbà," ó wó lulẹ̀. Ọdún 19 ni mo ti ń fi ọwọ́ júwe ìyẹn nínú afẹ́fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, òun rèé lójú mi. Mo ní kó tún un ṣe. Oúnjẹ tutù sórí tábìlì. Kí oṣù kejì tó parí, àwọn SS1 gbọ́dọ̀ rí ohùn ara wọn lórí ìlà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé márùn-ún márùn-ún ni wọ́n máa to yí láptọ́ọ̀pù mi ká.

Láptọ́ọ̀pù ọ̀hún ni wàhálà tó kù. Bátìrì rẹ̀ kì í lò ju ìṣẹ́jú 25 lọ, iye tí mo sì ní lọ́wọ́ kò tó ra tuntun tó bá jẹ́ ojúlówó. Mo kọ èyí dé ibí, ó ti kù 9%. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á tí wọn ò ní fi àdàmọ̀dì gbá mi lójú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbí. Mò ń bọ̀ wá sí Post Office lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.