8,000 náírà tó bọ́ lọ́wọ́ mi torí ọjọ́ kíkà

Èmi tí mò ń tẹ̀wé ní Ṣómólú látọjọ́ yìí, mi ò mọ ọjọ́ kà!

Mo ra pépà láwìn, 400,000, owó ọkọ̀ 15,000. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ínfọ́ìsì pé 2/10, n/30. Ìyẹn ni pé tó o bá san kí ọjọ́ mẹ́wàá tó kọjá, wọ́n á yọ 2 nínú 100 fún ẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó o san gbogbo ẹ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá. Ara owó pépà nìkan ni wọ́n ti ń yọ ọ́ o, kò kan owó ọkọ̀, so 8,000 ni tèmi.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ló wà lórí ínfọ́ìsì, ọjọ́ 29 lẹrù dé, lèmi bá ń ka tèmi láti 29, mo san 407,000 lọ́jọ́ 7 oṣù kẹrin, inú mi ń dùn ṣìnkìn, àfi bí akọ̀wé wọn ṣe pè mí: "Ọ̀gá mi, ọjọ́ 4 ló tán o, ó ku 8,000 lọ́wọ́ yín." Mo ní ẹrù ò tètè dé ńkọ́? Ó ní ṣé mo rí ROG níbẹ̀ ni? Tí wọ́n bá kọ ROG ni wọ́n ń kà á látọjọ́ tẹ́rù dé, tó bá jẹ́ EOM, ó dìgbà tóṣù bá parí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Màámi kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Bí wọ́n ṣe ń ka ìtàdógún ẹgbẹ́ wọn, òní gan-an ni ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí mẹ́tàdínlógún wọn fi ń jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lórí kàlẹ́ńdà. Ínfọ́ìsì kì í ka ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ọjọ́ kejì ẹ̀ ni ọ̀kan. Ká ní màámi ló bá mi kà á láti 25, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin là bá ti san, ọjọ́ kan á tiẹ̀ ṣẹ́ kù.

Ẹ má wò ó pé 8,000 kéré o. Ẹni tó bá jẹ́ kó bọ́, ogún ọjọ́ péré (láti ọjọ́ kẹwàá dé ọgbọ̀n) ló fi rà lórí 392,000 (400,000 tá a yọ 8,000 kúrò), tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ dọ́dún ó lé ní 37%. Kódà kí n lọ yá 392,000 yẹn ní 30% lọ́dún, èlé ogún ọjọ́ ò tó 6,500.

Ibi tó wá dùn mí jù ni pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi pẹ́. Ká ní mo mọ̀ pé ó ti bọ́ ni, kí ló dé tí mo fi sáré san án? Ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pé, ǹ bá ti fi 407,000 yẹn ra íńkì àti pléètì, kí n fi ṣiṣẹ́ kan ná.