Pọ́tímáńtò Màmá Pòrógun: gígé kọ́kọ́rọ́ tuntun fún lọ́ọ̀kù àtijọ́

Àbámẹ́ta

Pọ́tímáńtò náà ti dé ẹ̀yìnkùlé mi. Onípáànù ni, dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù ìyàwó nígbà kan rí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Pòrógun, ló ni ín. Aṣọ òkè tí wọ́n fẹ́ wọ̀ jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn ní Ojúde Ọba wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì ti sọnù láti ìgbà tí wọ́n kun yàrá wọn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sì sí regbẹ́rẹ́gbẹ́ kankan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó máa dúró de ẹni tí aṣọ rẹ̀ há sínú àpótí.

Àbúrò mi ti gbé òòlù jáde kí n tó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, ó máa ṣí." Òótọ́ ló sọ, ó máa ṣí. Ṣùgbọ́n páànù tó yí lọ́ọ̀kù náà ká máa ya, ahọ́n irin tó ń wọnú rẹ̀ máa wọ́, kò sì sí wẹ́dà tó lè dá a padà sí bó ṣe wà. Àpótí tó ti ń tì láti ìgbà tí Màmá wà ní ọmọge gbọ́dọ̀ tún máa tì lẹ́yìn tí mo bá ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ la máa ṣe.

A lè gba ẹ̀yìn, ká ti irin tó so ìdérí mọ́ àpótí jáde. Mo wò ó. Wọ́n ti lu orí irin náà pẹlẹbẹ ní ọ̀tún àti lósì, àfi kéèyàn fi ayùn irin gé e. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Màmá da agolo mílíìkì kan tó kún fún kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ sórí ẹní. Ibẹ̀ ló dára kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn tó ń ṣe lọ́ọ̀kù àpótí láyé ọjọ́un kì í dá oríṣi kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ àpótí aládùúgbò fi máa ń ṣí tìrẹ nígbà mìíràn. Ẹ tún wo ojú lọ́ọ̀kù náà dáadáa. Lára báàgì ìrìnàjò tó wá láti Bámíńhámù ní Ìlú Ọba, ẹ máa ń rí orúkọ Cheney, àwọn tó ń ṣe lọ́ọ̀kù, tí wọ́n tẹ̀ sára irin; bí nọ́ńbà bá wà lára lọ́ọ̀kù yín, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ tó ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Tiwa kò ní nọ́ńbà, kò sì sí èyí tó bá a mu nínú agolo náà.

Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n máa wà níbẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá ń fọwọ́ kan àpótí wọn. Ìlànà tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀: mi ò kì í ṣí àpótí tí ẹni tó ni ín kò bá sí nítòsí. Orí àga ni wọ́n wà tí wọ́n ń fọ́ ẹ̀gúsí, inú mi sì dùn sí i.

Ọjọ́ Ajé

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò kọ́kọ́rọ́. Òpó irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró láàárín rẹ̀, èyí tó fi hàn pé kọ́kọ́rọ́ oníhò ni lọ́ọ̀kù yìí ń lò, èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣófo kó lè wọ̀ mọ́ òpó náà. Ìpẹtà pọ̀ níbẹ̀. Mo kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi epo pupa tàbí òróró ìdáná sínú lọ́ọ̀kù láéláé. Ó máa yọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ló máa di gọ́ọ̀mù, tí eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́ọ̀kù yìí kò ní ohun tó le nínú. Àwọn ògiri irin kéékèèké ni wọ́n kàn tò yí òpó náà ká, kọ́kọ́rọ́ tí eyín rẹ̀ bá ní àlàfo níbi tí ògiri wà máa kọjá, èyí tí kò bá ní i máa kọ lù ú. Bó bá ti kọjá, á kan bóòtù, ìyẹn irin tó ń ti àpótí pa, á sì fà á sẹ́yìn. Ọgbọ́n yìí ti wà ṣáájú ọdún 1778 tí Robert Barron gbé lọ́ọ̀kù onílẹ́bà tirẹ̀ jáde ní Ìlú Ọba. Lẹ́bà, irin pẹlẹbẹ tí kọ́kọ́rọ́ máa ń gbé sókè, ní láti gbéra dé ìwọ̀n kan pàtó, kó má dín, kó má lé; ògiri kò lè gbéra rárá, ńṣe ló dúró síbì kan. Ohun tí kì í kúrò lójú kan, èèyàn lè mọ ibi tó wà.

Ìṣẹ́gun

Aládùúgbò mi gbé báàgì ìrìnàjò ọmọ rẹ̀ wá, olónọ́ńbà mẹ́ta, wọ́n ti gbàgbé nọ́ńbà náà. Láti 000 dé 999, ẹgbẹ̀rún kan ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n máa yí i ní títẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ. Kì í gbà tó wákàtí kan. Ihò kọ́kọ́rọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ TSA sí, kì í ṣe ti onílé: àwọn òṣìṣẹ́ ààbò pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí wọ́n lè yẹ ẹrù wò láìfọ́ nǹkan. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí báàgì náà fi ṣí.

Ọjọ́rú

Mo lọ sí ọjà Òkè-Ajé lọ wá kọ́kọ́rọ́ tí wọn kò tíì gé. Kí n tó lọ, mo ti tẹ àbẹ́là rírọ̀ mọ́ ojú ihò náà. Ohun tó hàn lára àbẹ́là yẹn ni mo gbé lọ́wọ́: gígùn ihò ló ń sọ bí eyín kọ́kọ́rọ́ ṣe máa ga tó, fífẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe máa nípọn tó, orí òpó sì ló ń sọ bí ihò ọrùn kọ́kọ́rọ́ ṣe máa tóbi tó. Lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta irin àlòkù ni mo ti rí èyí tó bá a mu, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan tí eyín rẹ̀ dì pọ̀ láìní àlàfo. Idẹ ni. Idẹ rọrùn fún fáìlì ju irin lọ, ó sì máa ń fi àmì hàn dáadáa.

Ọjọ́bọ̀

Èyí ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Mo tan àtùpà láìfi gíláàsì lé e. Mo gbé eyín kọ́kọ́rọ́ sórí iná títí ẹ̀ẹ́fín fi bò ó dúdú kirikiri, mo jẹ́ kó tutù, mo tì í wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ihò má baà nu ún. Mo yí i. Ó kọ lù nǹkan, ó dúró. Mo mì í díẹ̀ níbẹ̀, mo fà á jáde, mo gbé e sún mọ́ ojú. Ní etí eyín náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń dán láàárín dúdú, kò nípọn ju irun orí lọ. Ibi tí ògiri àkọ́kọ́ wà nìyẹn. Mo fi fáìlì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ pa á níbẹ̀, níbẹ̀ nìkan. Mo tún fi ẹ̀ẹ́fín bò ó, mo tún tì í wọlé.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí di ìrọ̀lẹ́. Ó kọjá ògiri àkọ́kọ́, ó kọ lu èkejì, àmì mìíràn hàn nísàlẹ̀. Ohun tó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún ni àmì tó fẹ̀ tó máa ń hàn ní ṣóńṣó eyín náà. Bóòtù ló ń fi ìyẹn sílẹ̀, kì í ṣe ògiri. Bí ẹ bá fi fáìlì kan ibẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á máa yí lófìfo, kò sì ní fa nǹkan kan.

Àbúrò mi béèrè pé kí ló dé tí mi ò yára. Mo sọ ti A. C. Hobbs fún un, ará Amẹ́ríkà tó ṣí lọ́ọ̀kù ilé-iṣẹ́ Bramah ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1851. Lọ́ọ̀kù náà ti wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ìlérí gínì 200 fún ẹni tó bá lè ṣí i. Wákàtí 51 ló gba Hobbs, ọjọ́ 16 ló sì pín in sí. Àbúrò mi fa àga, ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó ń tàn án fún mi.

Ẹtì

Ó ṣí! Lẹ́yìn tí mo ti fi fáìlì kan àmì tó kẹ́yìn ni mo yí i, ọwọ́ mi sì wúwo lójijì, nítorí sípíríǹgì ló ń tì mí padà. Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, ahọ́n irin fò sókè. Màmá ní, "Ọmọ mi, o ṣeun, o ò ní í ríjà ọ̀ràn," wọ́n sì fọwọ́ ara wọn gbé ìdérí náà.

Òórùn kánfọ̀ kún ẹ̀yìnkùlé. Sányán wọn wà lókè, ó mọ́ tónítóní. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìtagbè bàbá wọn tó jẹ́ olóyè, ṣakí ara rẹ̀ ṣì ga, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣá. Wọn ò rántí pé ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Mo fi sáńpépà rọ etí kọ́kọ́rọ́ náà, mo lọ lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù di lẹ́búlẹ́bú, mo fẹ́ ẹ sínú lọ́ọ̀kù dípò òróró. Mo tì í, mo ṣí i, léraléra. Ó ń yọ̀. Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé orí ìwé, mo fi pẹ́ńsù ya gbogbo àlàfo rẹ̀ bó ṣe rí. Ìyẹn ni mo máa fi gé ọ̀kan sí i fún ọmọ Màmá tó wà ní Ṣàgámù.

Àpótí onígi kan ló kàn. Mo ti tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, lẹ́bà ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ́fín nìkan kò ní tó fún ìyẹn, mo ní láti wá wáyà irin tó le tí mo lè fi máa gbé lẹ́bà kọ̀ọ̀kan sókè.