Fèrè aago kan ààbọ̀

Mò ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́ lọ́sàn-án òní, nínú ilé wa ní Bern, ni fèrè ńlá kan bá figbe ta lóde. Ó ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀, bí ẹni ń pohùn réré ẹkún. Àyà mi là gààràgà. Texas ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà; níbẹ̀, bí irú fèrè yìí bá dún, ìjì tó ń ká òrùlé ló ń bọ̀. Mo ju ọmọrogùn sílẹ̀, mo gbé ọmọ mi, ó di inú bálùwẹ̀.

Nígbà tó rọlẹ̀, mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Màmá ìsàlẹ̀ ilé wa ń gbá yìnyín lẹ́nu ọ̀nà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀: gbogbo Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì ni wọ́n ń dán fèrè wò jákèjádò Swítsàlandì.

Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Ọwọ́ yẹn tutù bíi yìnyín, wọn ò sì gbé e kúrò títí èémí mi fi wálẹ̀.

Ẹ̀bà ti so kókó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?